Bí a ṣe sọ yàrá ìsàlẹ̀ di ilé ìtọ́jú fún àbúrò mi

Nígbà tí wọ́n ní ká máa gbé àbúrò mi lọ sílé, kò tíì lè dá wẹ̀, kò mọ oṣù tí a wà, ìyá wa gan-an ló ń pè ní "nọ́ọ̀sì". N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà Láfẹ́nwá, kò dé akoto, ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn dókítà ti ṣe tiwọn, ẹ̀mí ò bọ́. Èyí tó kù ni kí ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò, bí wọ́n ṣe ń bu omi, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀. Nílùú òyìnbó, ilé wà tí irú wọn ń gbé fún oṣù mélòó kan nítorí ẹ̀kọ́ yìí nìkan. N ò rí èyí tí apá wa ká ní Abẹ́òkúta, la bá ní ká ṣe é nílé.

Ilé wa ní Ìtọ́kò wà lórí àpáta, àtẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. A kó o sí yàrá ìsàlẹ̀. A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, káfíńtà kan igi mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dé ilé ìgbẹ́ kó lè máa dì í mú, a sì gbé kàlẹ́ńdà ńlá kọ́ síbi tí ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bá. Láràárọ̀ ló ń fi bírò fa ìlà lé ọjọ́ tó ti kọjá. A ò bi í pé, "Òní ni ọjọ́ kélòó?" bí ẹni ń ṣe ìdánwò fún un. A ó ní kó lọ wò ó.

Apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa, òun ló sì ń darí òsì ara. Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì á rọ. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé òsì ayé lè pòórá lójú ènìyàn láìjẹ́ pé ojú fọ́. Mo gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jẹ apá ọ̀tún abọ́ mọ́ tónítóní, ó wá bojú jẹ́: "Àǹtí mi, ẹran mi dà?" Ẹran wà níbẹ̀, lápá òsì. Arákùnrin físíò, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn láti tún lo ara rẹ̀, ló kọ́ wa pé ká lẹ téèpù pupa mọ́ etí òsì tíréè, ká sì máa sọ fún un pé, "Wá pupa kàn kó o tó jẹun." Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń yí ọrùn wá pupa. A lẹ òmíràn mọ́ férémù ilẹ̀kùn, torí èjìká òsì rẹ̀ ti fara gbá a tó.

Ẹ̀bà ló gba wá lákòókò jù. A kọ ọ́ sí páálí: gbé omi kaná, pa gáàsì, bu omi sábọ́, da gàrí sí i, dé e, rò ó. Ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀. Èmi á ṣe gbogbo rẹ̀, á ku ríròó fún un. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, a fi dída gàrí kún un, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń padà sẹ́yìn títí dórí gáàsì. Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, òun ló ń parí iṣẹ́, òun ló sì ń jẹ ẹ̀bà tó rò. A tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yọ̀, nítorí ọwọ́ kan ló lágbára. Ẹ̀bà àkọ́kọ́ ní kókó bí èkùrọ́. A jẹ ẹ́.

Ìyá wa ló nira jù láti kọ́, kì í ṣe àbúrò mi. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, ìyá á já orógùn gbà: "Ọmọ mi ò ní jìyà lójú mi!" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Níkẹyìn, mo ní kí wọ́n máa jókòó síta já ẹ̀fọ́ lásìkò ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ ìbínú tún wà. Ọpọlọ tó fara pa máa ń tètè rẹ ènìyàn, ariwo sì máa ń dà á rú. Kí àlejò mẹ́ta máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí jẹnẹrétọ̀ tún máa dún, ó ti tó kó ju ife. A dín àlejò kù, a ń pa tẹlifíṣọ̀n bó bá ń ṣe nǹkan, ó sì ń sùn lọ́sàn-án.

Nígbà tí dókítà ní kí àwọn ará Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, bá wa wò ó, ìyá wa figbe ta. Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni kò ní figbe ta? Láti kékeré la ti ń sọ ọ́ bí èébú pé, "Ẹ gbé e lọ Arò!" Mo rán wọn létí iṣẹ́ Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú wa níbí. Ní 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, tí mọ̀lẹ́bí á tẹ̀ lé wọn wá, tí wọ́n á gba ìtọ́jú, tí wọ́n á tún ṣiṣẹ́ oko láàárín ènìyàn. Àìsàn tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹni tó forí gbálẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbélé, kó máa ṣiṣẹ́, kí ará ilé wà nítòsí, ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Ìyá gbà, a sì lọ.

Gìrì lè dé lẹ́yìn irú ìfarapa yìí. Ó ti mú un rí. Àwọn aládùúgbò fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ò gbà: ṣíbí lè ká eyín. A dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, a kó àga kúrò nítòsí, a wo aago, nítorí bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Oògùn gìrì kì í ṣe èyí tí a ń dá dúró fúnra wa nítorí pé ara ti yá.

Ó ń fi ọ̀pá rìn dé títì báyìí. Kò ní gun ọ̀kadà mọ́, ìyẹn ti parí. Ṣẹ́ńjì la ń kọ́ lọ́wọ́: mo ń fún un lówó pé kó lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ ìyá tó wà níwájú ilé, wọ́n sì ti gbà láti máa mú sùúrù fún un títí á fi ka iye tó kù.