Ẹ Mọ Ibi Tí Kílọ́ọ̀ṣì Máṣíìnì Yín Wà Kí Ẹ Tó Ra Ọ́ìlì

Ọ́ìlì ni mo ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Tí ọlọ́kadà bá yà sí ìsọ̀ mi, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé, "Ẹ kú ọjà mà, ẹ fún mi ní ọ́ìlì tó dáa." Èmi náà á bi í pé, "Máṣíìnì wo lo ń gùn?" Inú a máa bí àwọn mìíràn, wọn á ní ṣebí ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Rárá o. Ọ́ìlì ojúlówó tó dáa gan-an fún mọ́tò lè ba kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì yín jẹ́, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnì mọ́ táyà, tó sì ń já a. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì yín wà, àbí gbígbẹ ló wà. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ owó àti orúkọ tó wà lára ike.

Boxer o, TVS o, Honda CG125 o, Qlink o, inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì gbogbo wọn wà. Ọ́ìlì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ dà sínú ẹ́ńjìnì náà ni jíà ń lò, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lò. Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ máa rí àwọn pléètì róbótó tí wọ́n tò lé ara wọn: irin dídán kan, èyí tí wọ́n lẹ fáìbà mọ́ lára, irin mìíràn, fáìbà mìíràn, tí sípíríìngì sì fún gbogbo wọn pọ̀. Ọ́ìlì ń ṣàn láàárín wọn, ó ń gbé ooru kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti tú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àwọn pléètì yẹn gbọ́dọ̀ di ara wọn mú gbọn-in.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò ayé òde òní máa ń po èròjà sí i tó ń mú kí irin yọ̀ dáadáa, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Nínú mọ́tò tó ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀, kò séwu, torí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí níbi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà. Nínú Boxer, èròjà yẹn á lọ bá fáìbà, fáìbà ò sì ní lè di irin mú mọ́, bí ẹni tó fi ọwọ́ ewédú di okùn kànga. Ẹ lè má tètè mọ̀ lójú títì tó tẹ́jú. Àmọ́ ẹ gbé èrò kan àti àpò gàrí kan, kẹ́ ẹ máa gun òkè Mọ̀kọ́lá tàbí kẹ́ ẹ ti Ọjà'ba gòkè lọ sí Màpó: ẹ́ńjìnì á máa han gooro, máṣíìnì ò ní yára. Kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ máa gbóòórùn ohun tó ń jóná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé máṣíìnì tí kò bá ti ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, gbígbẹ ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Máṣíìnì tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ìyá tó wọ ìró náà lè gùn, irú Honda C70 àtijọ́ àtàwọn ti Ṣáínà tó jọ ọ́, ẹsẹ̀ lẹ fi ń yí jíà rẹ̀, kò lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Èyí tó jẹ́ gbígbẹ ni sikúùtà tẹ́ ẹ kì í yí jíà rẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń fún iná ni, tí bẹ́líìtì sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Inú àpótí bẹ́líìtì yẹn ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, ọ́ìlì kì í dé ibẹ̀. Ọ́ìlì jíà rẹ̀ ní ẹ̀yìn tún dá dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà. Ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Àwọn páwà báìkì ńlá kan wà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn jẹ́ gbígbẹ: àwọn Ducati àtijọ́ mìíràn, àti BMW R 1200 GS tó jáde ṣáájú ti 2013. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, ìwé tó bá a wá ni kó tẹ̀ lé.

Tẹ́ ẹ bá wá mú ike lọ́wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ẹ wá JASO. Àwọn ará Japan ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì gan-an. MA ni ti kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì. Láti 2006 ni wọ́n ti pín in sí MA1 àti MA2, MA2 ló sì ń jẹ́ kí pléètì di ara wọn mú jù. MB ń yọ̀ ju MA lọ, ti sikúùtà oníbẹ́líìtì ni. Tẹ́ ẹ bá da MA sínú sikúùtà, kò ní pa á lára. Ẹ má da MB sínú Boxer láéláé.

Bí ẹ ò bá rí JASO, ẹ wo àmì róbótó tí wọ́n kọ API sí, ìyẹn àjọ kan ní Amẹ́ríkà. SL, SN àti irú wọn, tó ń sọ ipò ọ́ìlì, máa ń wà lápá òkè, SAE 20W-50 tàbí òmíràn, tó ń sọ bó ṣe ki sí, á wà láàárín. Ìsàlẹ̀ róbótó yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ ojú mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí Energy Conserving tàbí Resource Conserving níbẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò jẹ epo púpọ̀, ẹ dá a padà fún mi, kì í ṣe ti máṣíìnì yín.

Ní ti kíki, 20W-50 bá ooru Ìbàdàn àti iṣẹ́ ọ̀kadà mu, òun ni mo sì ń tà jù. Àmọ́ tí ìwé máṣíìnì yín bá ní 10W-30 tàbí 10W-40, ẹ gbọ́ tiwé. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré ń gba nǹkan bíi lítà kan. Ẹ wò ó lójú ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ má kàn da gbogbo ike sí i torí pé ẹ ti ra á.

Ẹ fọwọ́ kan ìdérí kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí òrùka abẹ́ rẹ̀ bá ti já, tàbí bébà bò ó lẹ́nu ṣùgbọ́n tó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ní ìsọ̀ tèmi. Tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi ìṣó lu ike náà. Àwọn kan wà tó ń ṣa ike òfìfo kiri, ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ọmọ ọlọ́mọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa kọ̀ sí lọ́nà.

Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì mọ́tò ló ti wà nínú máṣíìnì yín, tí kílọ́ọ̀ṣì sì ti ń yọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá le tan-in, ìyẹn nìkan lè mú kó yọ̀. Tí wáyà bá dáa, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, ẹ da MA sí i, ẹ fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀. Tí fáìbà ò bá tíì jóná, ó lè padà di irin mú. Tó bá ti jóná, ọ́ìlì kankan ò lè tún un ṣe: pléètì fáìbà tuntun lẹ máa rà, ẹ sì ní kí mẹkáníìkì rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì MA kó tó tò ó.