Bí A Ṣe Ń Tú Àmì Ipò àti Ìwà Nínú The Great Gatsby

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú àròkọ lórí The Great Gatsby, ìwé tí F. Scott Fitzgerald gbé jáde lọ́dún 1925, ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á kàn to àwọ̀ sílẹ̀: àwọ̀ ewé ni ìrètí, funfun ni mímọ́, yẹ́lò ni owó. Máàkì díẹ̀ ló máa ń bá a bọ̀. Nǹkan gan-an ni kí ẹ máa tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn: ta ló ni ín, ta ló ń wò ó, ta ló jìyà rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ya máàpù. Lápá kan omi ni East Egg wà, ibùgbé àwọn olówó àjogúnbá bíi Tom àti Daisy Buchanan. Òdìkejì rẹ̀ ni West Egg, níbi tí ilé ràgàjì Gatsby wà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nick tó ń sọ ìtàn náà háyà ilé kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dọ́là 80 lóṣù. Láàárín West Egg sí New York ni àfonífojì eérú wà, ibẹ̀ sì ni Wilson ti ń tún mọ́tò ṣe. Ẹ fi bírò pupa yí ibẹ̀ po, torí àwọn olówó yìí kì í dé ìgboro láìgba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo, kí ẹ fa òpó mẹ́ta sínú ìwé fún ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò yẹ́lò Gatsby ṣe é. Ní orí 4, ó ń fi í yangàn lójú Nick. Ní orí 7, Tom gbà á wà lọ sí ìgboro, ó yà ra epo lọ́dọ̀ Wilson. Myrtle, ìyàwó Wilson tó jẹ́ àlè Tom, ń wò wọ́n látojú fèrèsé òkè. Nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ lálẹ́, Daisy ló ń wà á, Gatsby jókòó tì í. Myrtle sáré bọ́ sójú títì, mọ́tò náà pa á. Wọn ò dúró. Tom ló sọ fún Wilson pé Gatsby ló ni mọ́tò. Wilson yìnbọn pa Gatsby, ó sì pa ara rẹ̀. Daisy àti ọkọ rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ wo òpó kẹta: òkú mẹ́ta, kò sì sí ará East Egg kankan nínú wọn. Ẹni tó kọ pé yẹ́lò ni owó ò lè débí yìí láé.

Tó bá kan ìwà, ojú búlúù ràbàtà tó wà lórí pátákó ìpolówó Doctor T. J. Eckleburg, oníṣègùn ojú, ní àfonífojì eérú ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n á kọ ọ́ pé ojú Ọlọ́run ni, ó tán. Ẹ ṣí orí 8: Wilson tí ìbànújẹ́ ti dà lórí rú ló rí i bẹ́ẹ̀, Michaelis aládùúgbò rẹ̀ dá a lóhùn pé ìpolówó ọjà ni. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú àròkọ yín. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń ta: ìpolówó oníṣègùn ojú nìkan ló ṣẹ́ kù fún Wilson láti fi ṣe adájọ́.

Ẹ má gbàgbé òfin. Láti 1920 sí 1933, títa ọtí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọdún 1922 sì ni ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Tom ń tú àṣírí Gatsby ní Plaza Hotel pé ọtí tí òfin kà léèwọ̀ ló ń tà, ìgò wisikí tí Tom fúnra rẹ̀ gbé wá wà nínú yàrá náà.

Iná aláwọ̀ ewé tó wà ní èbúté ilé Daisy, obìnrin tí ọkàn Gatsby ń fà sí, tí Gatsby sì ń wò láti òdìkejì omi, wà ní orí 1, 5 àti 9. Orí 5 ni wọ́n máa ń fò: bí Daisy ṣe dúró ti Gatsby báyìí, iná yẹn di iná èbúté lásán.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, nǹkan kan fún ìpínrọ̀ kan tó, pẹ̀lú ibi méjì tàbí mẹ́ta tó ti fara hàn. Orí ni kí ẹ tọ́ka sí, ẹ má tọ́ka sí ojú ewé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 tí ẹ̀tọ́ oníwèé ti parí lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, nọ́ńbà ojú ewé wọn ò sì bára mu.