Bí mo ṣe pààlà sáàárín iṣẹ́ àwòrán mi àti òru mi

Àwòrán èèpo ìwé àti ti orin ni mò ń yà, ní Yaba, kò jìnnà sí Yabatech. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé iṣẹ́ mi sórí Instagram ni nọ́ńbà mi ti di ti gbogbo ayé. Ẹni tó fẹ́ ra ń pè, ẹni tó fẹ́ ọ̀fẹ́ ń pè, aago méjìlá òru kò sì jọ wọ́n lójú.

Mo ra síìmù tuntun, mo fi ṣí WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp ti àwọn oníṣòwò. Fóònù kan náà ni o. WhatsApp lásán àti ti Business lè jọ wà níbẹ̀ bí nọ́ńbà bá ti yàtọ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ di ti ẹbí àti ọ̀rẹ́. (Màmá mi nìkan ló ní méjèèjì, ta ló tó bẹ́ẹ̀?) Mo kọ àsìkò iṣẹ́ sórí WhatsApp Business náà, mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo sì ṣètò ìdáhùn tí yóò máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn àsìkò náà.

Ìdáhùn yẹn ló gbà mí lákòókò jù, torí ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ló jù mí lọ. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín ti dé ọwọ́ mi, ẹ ṣeun. Màá dá yín lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè lálẹ́.” Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n yọ gbólóhùn ìparí, pé yóò dà bí àfojúdi. N kò yọ ọ́. Mo ti kí wọn tán, ó kù kí ọ̀rọ̀ yé wọn.

Ní ti àwọn tó ń fi “arẹwà” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, n kì í bá wọn jà. Restrict, bọ́tìnì tó ń dí wọn lọ́wọ́ díẹ̀ láìlé wọn lọ pátápátá, ni mo máa ń tẹ̀ lórí Instagram. Wọn ò ní mọ̀ bóyá mo ka ọ̀rọ̀ wọn.

Owó ló wá kù. Mo kọ ìlànà mi sókè ojú ìwé mi: ìdajì owó kí n tó fa ìlà kankan, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, àwòrán àyẹ̀wò kékeré tí orúkọ mi dábùú rẹ̀. Fáìlì gangan di ìgbà tí owó bá pé. Mo tún ń kọ ohun tí wọ́n lè fi àwòrán ṣe: èèpo orin nìkan, kì í ṣe ara ṣẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ mi kò lè di ti ẹlòmíràn láìsí ìwé. “Ṣebí a ti jọ sọ ọ́” kò tó.

Máníjà olórin kan ní Surulere fi ohùn ránṣẹ́: “Àbúrò, ṣé èmi náà lo ń fi òfin dè? Bá mi ṣe é, màá gbé orúkọ ẹ jáde.” Mo ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi ìdajì ránṣẹ́, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀.” Kò tíì fèsì. Mo ti fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sí àyè tiẹ̀.