Bí ẹ ṣe lè jó dáadáa lóde àríyá, títí dé orí sítéèjì: etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi jó

Tó bá ti di Sátidé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti Lágere lọ dé Mọ́ọ̀rè, kò sí bí ẹ ṣe máa kọjá tẹ́ ò ní gbọ́ ìlù níbì kan, ìsìnkú arúgbó lọ́hùn-ún, ìkómọ níbí, ìgbéyàwó nínú họ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ bá sì wo àwọn tó jókòó dáadáa ẹ máa rí àwọn kan tí wọ́n ń mi orí, tí ẹsẹ̀ wọn ń lulẹ̀ lábẹ́ tábìlì, síbẹ̀ tí wọn ò dìde. Kì í ṣe pé ijó ò wù wọ́n o. Wọ́n rò pé wọ́n bí ijó mọ́ àwọn kan ni, pé tiwọn ò sí lára. Àwọn yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn tó ti ń jó lóde dáadáa àmọ́ tó ń wù wọ́n láti gun sítéèjì.

Ohun tí mo gbà gbọ́ gidi ni pé etí ló ń jó kó tó kan ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù, ijó ẹ̀ á wuni bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé sítẹ́ẹ̀pù méjì péré ló mọ̀. Ẹni tó mọ ogún sítẹ́ẹ̀pù tí ò gbọ́ ìlù, ó kàn ń na ara ni. Torí náà bá a ṣe máa tò ó nìyí.

Ẹ gbọ́ ìlù ná, ẹ má tíì jó

Ẹ wá orin tó ní dùndún nínú sórí fóònù yín, ẹ ki íápíìsì bọ etí, kẹ́ ẹ jókòó. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, gúdúgúdú ni èyí kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, tí wọ́n ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì nà, kì í sinmi, ohun kan náà ló ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó kù bíi kẹríkẹrì àti ìsáájú ń há ara wọn sáàárín. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ní ṣaworo lójú, òun ló ń ki èèyàn, òun náà ló ń pàṣẹ fún oníjó. Ẹ kọ́kọ́ mú gúdúgúdú nìkan, ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí i, tọ́wọ́ yín ò bá ṣìnà mọ́ kẹ́ ẹ wá máa gbọ́ ìyáàlù lórí ẹ̀ láìjẹ́ kí ọwọ́ dúró. 15 ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó.

Èyí gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, pé orin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré, ẹ máa wá rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀! Ohùn mẹ́ta tá a fi ń sọ èdè wa, dò, rè, mí, òun náà ni onílù ń fi ọsán, ìyẹn okùn awọ tó wà lára dùndún, fún jáde, tó bá fún ọsán mọ́ra ohùn á gòkè, tó bá dẹ̀ ẹ́ á wálẹ̀. Ìgbà míì ẹ ò ní mọ gbogbo ohun tó sọ, àmọ́ ẹ máa mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti ibi tó parí ẹ̀ sí, ìyẹn sì lohun tí oníjó nílò jù.

Bàtá ní tiẹ̀ le díẹ̀. Ojú méjì ló ní, ojú òjò tó tóbi àti ṣáṣá tó kéré, kò ní ọsán tí wọ́n máa fún bíi ti dùndún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bàtá ń kólòlò. Ijó ẹ̀ náà ń já, èjìká á já, ẹsẹ̀ á ta, ó sì ń jẹ agbára gan. Ẹ fi dùndún bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàtá dúró dè yín.

Ẹ tẹ orúnkún

Ìdúró ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ijó nù. Tẹ́ ẹ bá dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà lórí ìlà ní báńkì, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ lára yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ fi àlàfo èjìká sáàárín wọn, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí àyà tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ìdí sì lọ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tú ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ kúrò lára. Ijó tiwa, ilẹ̀ ló ń wá. Ẹ máa rìn lójú kan báyìí, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, pẹ̀lú gúdúgúdú, ẹsẹ̀ kékeré kékeré, kẹ́ ẹ jẹ́ kí orúnkún máa rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Tó bá ti wọra, ẹ gbé e lọ síwájú mẹ́rin, ẹ gbé e padà mẹ́rin. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, kò ní sá lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa jó níwájú dígí. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ojú á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí, ẹ ò ní gbọ́ ìlù mọ́, ara yín lẹ ó kàn máa wò. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan kó ká yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá jó tán kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ẹsẹ̀ fún gúdúgúdú, ara òkè fún ìyáàlù

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń lọ fúnra ẹ̀, ẹ wá fún ìyáàlù ní èjìká, àyà, ìdí àti ojú. Ẹ má jó gbogbo ohun tó bá sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ gbólóhùn ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ nìkan lọ, tó bá wá dákẹ́ kẹ́ ẹ fi èjìká tàbí ìdí fún un lésì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń kí yín, ẹ ò ní í já ìkíni gbà lẹ́nu ẹ̀ kó tó parí. Níbi tẹ́ ẹ bá ti ṣe èyí níwájú onílù gidi, ẹ máa rí i pé ojú ẹ̀ á kúrò lára gbogbo ayé, á wá bá yín, á bẹ̀rẹ̀ sí í dán yín wò, á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní kẹ́ ẹ yí padà, tó bá mọ oríkì yín á pè é. Ayọ̀ tó wà nínú ìyẹn, mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíì. Ẹni tó ń tijú ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ máa rí i pé kò rántí ìtìjú mọ́.

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ọ̀rọ̀ yín dé o. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá, Ìjẹ̀ṣà yìí náà ni, wọ́n ń lù ú fún Ọ̀ṣun nínú Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn lọ́hùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ afoxé sì ń fi í jó kiri ìgboro lásìkò Carnival. Filhos de Gandhy tó lókìkí nínú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló dá a sílẹ̀ ní 1949. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀, ijó ẹ̀ rọra ń fì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kò kánjú rárá. Mo sọ èyí torí pé ó dáa gan fún ìdánrawò, tí dùndún bá ń yára jù fún yín ẹ wá ijexá sórí fóònù, ẹ fi kọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ò sì lè sọ pé ti àjèjì ni.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ẹ wọ aṣọ ọ̀hún nílé kẹ́ ẹ fi jó. Ìró tí wọn ò so le á tú lórí ijó, ẹ fi ọ̀já dì í nínú. Gèlè tó ń fún orí jù á lé yín jókòó kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dé. Àwọn bàbá tó wọ agbádá, ẹ ká apá ẹ̀ sórí èjìká kó dúró dáadáa, torí yíyí apá agbádá sókè gan-an ti jẹ́ ijó. Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro, ẹ mú sílípáàsì pẹlẹbẹ sínú báàgì.

Lójú agbo

Tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ má sáré lọ sáàárín. Ẹ jó lọ bá ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ọmọkùnrin á tẹríba tàbí kó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀ díẹ̀, nínú ijó náà ni o, ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlù. Ẹ wá jó padà sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì láyè.

Ẹ wá ibi tí àwọn ìyá àgbà wà, ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò fi èyí ṣeré rárá. Ọ̀dọ́ á ti fi gbogbo agbára jó orin àkọ́kọ́, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á ṣì wà lójú agbo lẹ́yìn wákàtí kan, èjìká kan ṣoṣo ló ń gbé, gbogbo èèyàn ló sì ń wò ó. Kò fi okun ṣòfò, kò jó ohun tí ìlù ò sọ. Tó bá rí i pé ẹ ń kánjú á ní "Rọra, ọmọ mi," ẹ dá a lóhùn pé "Ẹ ṣé, mà", kẹ́ ẹ sì rọra lóòótọ́. Ìlù tó bá dún jù, ó ti fẹ́ ya nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó. Fífọ́n náírà káàkiri lójú agbo àti jíjó lórí ẹ̀ lòdì sí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní oṣù 6 ni, tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ fi owó sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ jó lọ fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Iyì ẹ̀ ò dín.

Tó bá jẹ́ hááílááìfù tàbí jùjú ni bàǹdì ń lù, irú èyí tí I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó gba oyè MBE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, fi mú wa jó, ẹ lè mú ẹnì kejì dání. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ fà nílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ojú ara yín, ẹnì kan ló ń darí, tí orin bá yí ẹ pààrọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun sítéèjì

Ní Ifẹ̀ níbí, iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1968 ni Yunifásítì Ifẹ̀ dá Orí Olókun, ibùdó eré, orin àti ijó, sílẹ̀ ní Arúbìdì, láàárín ìlú, kì í ṣe inú ọgbà wọn, Ola Rotimi ń ṣe eré níbẹ̀, Akin Euba wà nídìí orin, Peggy Harper sì ṣiṣẹ́ lórí ijó, àwọn onílù àti oníjó ìlú wà pẹ̀lú wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ijó wa lọ sórí sítéèjì gbọ́dọ̀ yanjú ni pé lóde, agbo ni, èèyàn yí yín ká, lórí sítéèjì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jókòó sí. Torí náà ẹ yí ara yín díẹ̀ sọ́nà kọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rí orúnkún tó tẹ̀ àti ìdí tó yọ, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tóbi ju tòde lọ kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, ohun tẹ́ ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan lóde kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, kójú tó mú un.

Ẹ jókòó pẹ̀lú onílù ṣáájú. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ìlù tó máa gbé yín wọlé, èyí tó máa yí ìlà padà, èyí tó máa gbé yín jáde, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹ ń kà á lọ́kàn, ìyáàlù ni kó máa pè yín. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ fi ẹni tí etí ẹ̀ mú jù síwájú, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe òun ló rẹwà jù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa jó gan-an, torí ilẹ̀ pákó àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ò rí bákan náà lábẹ́ ẹsẹ̀ lásán. Ẹ na ara kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá orúnkún àti ẹ̀yìn, bó bá jẹ́ bàtá ẹ má fò ó rárá. Omi ni kẹ́ ẹ mu kẹ́ ẹ tó jó, kì í ṣe ẹ̀bà lẹ máa jẹ.

Àyà á já, kò burú. Nígbà tí gúdúgúdú bá bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ dúró kó lọ yípo kan kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa rí i pé ara ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Tẹ́ ẹ bá jó tán, yálà lóde ni o tàbí lórí sítéèjì, ẹ lọ bá onílù kẹ́ ẹ tó lọ bá oúnjẹ. Ẹ kí wọn, ẹ fún wọn ní tiwọn, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyáàlù ohun tó fi ìlù sọ nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Á sọ fún yín, wọ́n máa ń fẹ́ràn kéèyàn béèrè. Ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi í ṣe ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.