Bí òbí ṣe ń gba ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ ní iléèwé ìjọba Amẹ́ríkà

Láti 1975 ni òfin ti kàn án nípá fún iléèwé ìjọba ní Amẹ́ríkà láti kọ́ ọmọ tó ní àìlera bó ṣe yẹ ẹ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. IDEA ni wọ́n ń pe òfin náà láti 1990. Ọmọ ọdún 3 títí dé 21 ló wà fún, ì báà jẹ́ etí, ojú, ọ́tísìmù, tàbí ìwé kíkà tó kọ̀ tí kò wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dá yín dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 1982 pé ọmọ tí kò níwèé náà lẹ́tọ̀ọ́ sí iléèwé ìjọba.

Lẹ́tà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí wa ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á bá tíṣà sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, tíṣà á fẹ̀rín sí i pé “a máa wò ó,” ọmọ á kúrò ní kíláàsì kìíní dé ìkẹta, kò tíì lè kàwé. Tíṣà ò purọ́, àmọ́ kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tó fi hàn pé òbí béèrè. Ní Texas, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, ìwé tẹ́ ẹ bá kọ sí ọ̀gá ẹ̀kọ́ àkànṣe ní ẹkùn iléèwé yín ló ń mú kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ iléèwé 15. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í mú wọn.

Ojú ìwé kan ti tó: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, kíláàsì, ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí, àti gbólóhùn kan tó sọ gbangba pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ ní kíkún fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ẹ má fi ìtàn oyún bẹ̀rẹ̀. Ímeèlì dára, ṣùgbọ́n èmi a tún máa tẹ ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún wọn, ìkejì kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, kó kọ orúkọ àti déètì, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ múra sílẹ̀ de àwọn èsì tó ń dáni dúró. “Ẹ jẹ́ ká fún un ní àfikún lẹ́sìn ná.” Kí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti sọ ní 2011 pé lẹ́sìn ò gbọdọ̀ dá àyẹ̀wò dúró. “Ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà.” Iléèwé ló ni ìnáwó àyẹ̀wò. “Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń sọ nílé ló ń dà á láàmú.” Èyí ló ń dùn mí jù, torí àwọn kan máa ń tìtorí rẹ̀ pa èdè mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ẹ máa sọ Yorùbá yín. Òfin ní kí wọ́n fi èdè tí yóò jẹ́ kí ohun tọ́mọ mọ̀ hàn ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Dandan ni fún wọn.

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣàṣejù, kó rántí Texas. Ní 2004 ni ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n kan, tí kò sí mọ́ báyìí, pé kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ àkànṣe má ju ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Houston Chronicle tú u síta ní 2016, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ní 2018 pé Texas rú òfin.

Lẹ́yìn lẹ́tà, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda tí iléèwé bá fún yín kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò. Ọjọ́ náà ni aago bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 60 lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, àyàfi bí ìpínlẹ̀ yín bá ní tirẹ̀, ọjọ́ iléèwé 45 ni ti Texas. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò le. Kí ọmọ sùn dáadáa, kó jẹun, kó mú gíláàsì ojú rẹ̀ dání bó bá ń lò ó.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀kọ́ àkànṣe tọ́ sí i, láàárín ọjọ́ 30 ni ìpàdé IEP yóò wáyé, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ fún ọmọ náà nìkan. ARD ni wọ́n ń pe ìpàdé náà ní Texas. Ẹ béèrè fún ògbufọ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́, àwọn ni yóò sanwó rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe é. Mo máa ń ní kí òbí mú ẹnì kan wá tí kò ní sọ̀rọ̀, tí yóò kàn máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ wo àwọn àfojúsùn dáadáa. “Yóò tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà” kì í ṣe àfojúsùn. “Yóò ka ọ̀rọ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan kó tó di oṣù Karùn-ún” ni ká gbọ́. Iye ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹni tí yóò kọ́ ọ, àti ibi tí yóò ti kọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ wá sípàdé, kẹ́ ẹ gbé ìyókù lọ sílé kà. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí ìyọ̀ǹda yín.

Ọmọ tí kò nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, tó kàn nílò àfikún àkókò nídìí ìdánwò, Section 504 nínú òfin 1973 tó dáàbò bo àwọn tó ní àìlera ni tirẹ̀.

Fáìlì láti Dollar Tree, ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú, ti tó fún gbogbo ìwé wọ̀nyí, tuntun lókè. Ìròyìn ìtẹ̀síwájú yóò máa wá lóòrèkóòrè. Bí iye inú rẹ̀ bá dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹ kọ lẹ́tà míì pé ẹ fẹ́ ìpàdé. Ẹ má dúró de ti ọdọọdún.