Bí ìlú ṣe lè ṣètò ibùdó eré ìdárayá sí àárín ìgboro, kí ó sì rí owó rẹ̀

Ní ọdún 1928, Dókítà J. K. Randle fi owó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún ará ìlú ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, nítorí pé omi ń gbé àwọn ọmọ Èkó lọ, ìjọba amúnisìn kò sì fẹ́ náwó sí ibi tí wọn yóò ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ jàǹfààní ibẹ̀ kí àìtọ́jú tó sọ ọ́ di ahoro. Nígbà tó yá, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó o, wọ́n kọ́ ibùdó àṣà Yorùbá tuntun síbẹ̀ pẹ̀lú adágún mìíràn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Ohun tí ìtàn Oníkàn kọ́ mi ni pé ọjọ́ kan péré ni a fi ń rí olóore tí yóò kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, mo kọ ìlànà yìí fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìgbìmọ̀ ààfin àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbèrò láti kọ́ ibi eré ìdárayá àti ìgbafẹ́ sí àárín ìlú wọn, níbi tí ilé ti há, tí àwọn ọmọ sì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì láàárín ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Gbogbo ìmọ̀ràn inú rẹ̀ ló dá lórí kí a kọ́kọ́ rí owó ìtọ́jú kí a tó da kọ́ǹkéré sílẹ̀.

Ẹni tí yóò ni ín

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè iye tí yóò ná ìlú, ẹ pinnu orúkọ tí yóò wà nínú ìwé ilẹ̀ àti ilé náà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan, kódà kí ó jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú fọkàn tán, àwọn ọmọ rẹ̀ lè pín in lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan, alága tuntun lè gé e sí ṣọ́ọ̀bù kí ó sì tà á. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a forúkọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní ẹgbẹ́ mú fún un. A ó kéde orúkọ ẹgbẹ́ náà àti ti àwọn alágbàtọ́ nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá ní àtakò yóò sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹgbẹ́ lè ra ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́, ẹni yòówù kó kú tàbí kó kó kúrò nílùú.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Iléèwé Gírámà Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀fà ló sì dá Iléèwé Gírámà Ọ̀fà sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ilé-ìwé wọ̀nyẹn dúró nítorí pé ẹgbẹ́ tó dá wọn sílẹ̀ pọ̀ ju ẹnì kan lọ.

Nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ fi ìyálọ́jà tàbí aṣojú rẹ̀ sí i, ẹ fi ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin sí i, ẹ fi aláàbọ̀ ara kan sí i, kí ẹ sì wá ọmọ ìlú tó mọ ìṣirò ohun ìkọ́lé. Èmi kò ní fi ẹni tó wà lórí oyè òṣèlú lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣe alága tàbí akápò. Kí ó jẹ́ alátìlẹ́yìn, kí ó sì jókòó sáàárín àwùjọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí yóò lo ibẹ̀. Ìpàdé ààfin dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdébìnrin kì í sì sí níbẹ̀ rárá. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò jókòó sí àárín ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan, láti agogo mẹ́ta ọ̀sán títí di agogo méje alẹ́, kí wọ́n máa ka iye ọmọ tó ń ṣeré, irú eré tí wọ́n ń ṣe, iye obìnrin tó wà nínú wọn, àti ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń ta ayò. Ìwé tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí wúlò ju àwòrán tó rẹwà lọ nígbà tí ẹ bá ń lọ tọrọ owó.

Ilẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú, síbẹ̀ ní ìgboro àtijọ́, ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí ẹ ó rí. Bí ẹbí kan bá fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀, olórí ẹbí nìkan kò tó. Kí àwọn àgbà ojú-ìlé kọ̀ọ̀kan bá a fọwọ́ sí i, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí sàfíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà kí ó sì ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ gómìnà sí i. Ilẹ̀ tí a fi ẹnu lásán bùn ìlú lónìí ni ọmọ-ọmọ olóore náà yóò gbà padà lọ́la.

Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ agbo-ilé, inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí, ojúbọ sì lè wà lẹ́yìn ògiri tó ti wó. Ẹ wádìí bóyá ọ̀nà egúngún tàbí ti orò gba ibẹ̀ kọjá, nítorí pé ọgbà tí ẹ bá mọ dí ọ̀nà yẹn yóò di ìjà lọ́dún àkọ́kọ́.

Mo rò pé ó dára kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba tí kò ṣiṣẹ́ mọ́: gáréèjì àtijọ́, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, ìsọ̀ ọjà tó ti ṣófo. Freedom Park tó wà ní Broad Street ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní ọdún 2010, díẹ̀ nínú ògiri àtijọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìwọ̀n ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti ń rò lọ. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tó mítà 18.3 sí 36.6. Pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n jẹ́ mítà 28 sí 15, nítorí náà yóò wọ inú pulọ́ọ̀tì kan, ṣùgbọ́n kò ní sí àyè fún gbọ̀ngàn mọ́. Pápá tí a lè lò fún bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ àti fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni márùn-ún jẹ́ mítà 40 sí 20. Bí ẹ bá so pulọ́ọ̀tì méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gígùn rẹ̀ kò ní tó. Bí ẹ bá sì so wọ́n ní orí àti ìdí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní tó. Pulọ́ọ̀tì mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ni yóò gba pápá yìí, tí yóò sì ṣẹ́ ku nǹkan bí mítà 33 ní gígùn fún gbọ̀ngàn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kànga ẹlẹ́rọ àti ibi ayò. Mo ti rí ìlú tó ra pulọ́ọ̀tì méjì, tó ti sanwó àwòrán, kí wọ́n tó mọ̀ pé pápá tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọ̀dọ́ kò lè wọ ibẹ̀.

Owó ìtọ́jú

Ẹ jókòó pẹ̀lú bébà, kí ẹ kọ iye tí ibùdó náà yóò máa jẹ lọ́dún kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹ bá gba alábòójútó kan, ẹ̀ṣọ́ méjì àti agbálẹ̀ kan, tí ẹ sì san iye yẹn péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó di 280,000 náírà lóṣù, èyí tó jẹ́ 3,360,000 lọ́dún. Ẹ fi owó iná, bátìrì sólà tí yóò gbó, àtúnṣe ẹ̀rọ omi, ọ̀dà, àwọ̀n àti bọ́ọ̀lù kún un. Bí ìgbìmọ̀ kò bá lè sọ ibi tí owó yìí yóò ti máa wá, kò tíì tó àkókò láti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Èkíní ni ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ tó kọjú sí títì, tí owó iyàlò rẹ̀ yóò máa wọ àkáǹtì ìtọ́jú tààrà. Èkejì ni gbọ̀ngàn tí a ń yá àwọn onínàáwó, èyí tó nílò ìṣọ́ra, nítorí pé owó àríyá dùn, ó sì lè gba ibẹ̀ pátápátá mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, láti agogo mẹ́ta lọ, kò sí ẹni tó lè yá pápá, bó ti wù kí ó lówó tó. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ yọ náírà kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tí ẹ bá kó jọ fún ìkọ́lé, kí ẹ fi í sí ibi tí yóò ti máa pa èlé, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ojú owó náà.

Owó ìkọ́lé

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ka ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi gbalasa mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àánú ni ẹ ń tọrọ nígbà tí ẹ bá lọ bá wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Oṣù kìíní ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kí lẹ́tà yín, àwòrán ilé àti ìṣirò owó rẹ̀ dé ọwọ́ wọn ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ ọdún tó ṣáájú, kí ó lè wọ inú ètò ìṣúná. Bí aṣòfin kan bá fẹ́ fi owó iṣẹ́ ẹkùn rẹ̀ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé ilẹ̀ wà ní orúkọ ẹgbẹ́.

Fún ọmọ ìlú, ẹ pín iṣẹ́ náà sí ègé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè parí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn, tí ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní Ojúde Ọba máa ń dá owó sí ìdàgbàsókè ìlú pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba kànga, tí òmíràn gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ilé-ìwé kan gba iná pápá, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣe ìkówójọ nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé ọdún. Kí akọ̀wé kọ owó tó wọlé sí ojú ìwé kan, kí ó sì kọ ìlérí sí òmíràn. Ẹ má fi ìlérí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láé. Òfin tó ń dènà ìfowó-ṣe-màgòmágó ti ọdún 2022 kò gba kí ẹnì kan san owó ọwọ́ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ tàbí kí ilé-iṣẹ́ san ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, nítorí náà kí owó ńlá gba báǹkì kọjá.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò lò. Bí ẹgbẹ́ wọn bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú níbẹ̀, tí ẹni tó ń dáwó sì ń san owó orí tó tó, ètò Gift Aid yóò jẹ́ kí ìjọba fi 25 pẹ́nì kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, tí 1,000 pọ́n-ùn yóò fi di 1,250. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó ní ìwé 501(c)(3), ìyẹn ìwé ẹgbẹ́ aláàánú tí òfin owó orí ibẹ̀ mọ̀, lè jẹ́ kí olùdáwó yọ ohun tó san kúrò nínú iye tí a ó gba owó orí lé. Àwọn ìjọba wọ̀nyí máa ń béèrè bí wọ́n ti ná owó náà nílẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ẹ sì máa fi àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ kan, ìlú kékeré kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò lè parí. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí ìpele tí àwọn ènìyàn lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀: pápá, ọgbà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, gbọ̀ngàn lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù láàárín wọn bí owó bá gbà á. Ẹ gba àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ máa san owó agbaṣẹ́ṣe bí iṣẹ́ bá ti dé ibi tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kí ẹ sì dá díẹ̀ dúró títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ sórí òrùlé náà.

Òfin àpapọ̀ tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún náà sì ti pé. Bí ẹnu ọ̀nà bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá.

Kí ẹ tó ṣí ibẹ̀, ẹ gbé pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà tí a kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sí, kí akápò máa yí i padà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ mẹ́ta: kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ alábòójútó, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ìkẹta sì wà lọ́wọ́ aṣojú àwọn ọ̀dọ́, kí àwọn ọmọ má baà dúró síta lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan bá rin ìrìn-àjò.