Bí mo ṣe fa iná sólà sí ahéré oko, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà

Ahéré oníyàrá méjì ni, nínú oko kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, níbi tí òpó iná ìjọba kò dé. Kí n tó ná kọ́bọ̀ lórí páńẹ́ẹ̀lì, mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa lò sínú ìwé: gílóòbù 9W mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún, 180Wh (Wh ni wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀), fáànù 25W méjì fún wákàtí mẹ́jọ, 400Wh, tẹlifíṣọ̀n 40W fún wákàtí mẹ́rin, 160Wh, fóònù àti rédíò, 60Wh. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800Wh lójúmọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró, wọ́n á gbàgbé pé ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì (DC) di iná ilé (AC), fúnra rẹ̀ ń jẹ iná. Èyí tí mo lò, 1,000VA onípure sine wave (tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba), ń mu 15W tó bá kàn wà ní títàn láìsí nǹkan kan lára rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, 360Wh ti lọ. Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sí 1,200Wh.

Bátìrì lithium 25.6V, 100Ah ni mo rà, 2,560Wh. Tí a bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó tó ọjọ́ kan àtààbọ̀ láìrí oòrùn. Ẹ gbé bátìrì wò kí ẹ tó sanwó: oníwọ̀n yìí sábà máa ń wúwo tó kìlò 20 sí 25. Tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín, inú rẹ̀ kò pé, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára rẹ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tó mú dáadáa máa ń tó wákàtí 4 sí 5, ṣùgbọ́n àárín òjò ni mo fi ṣírò, wákàtí 3 péré. 1,200 tí a bá fi 3 àti 0.75 pín jẹ́ 533W, 0.75 yẹn ni ohun tó kù lẹ́yìn tí ooru, eruku àti wáyà bá ti mú tiwọn. Páńẹ́ẹ̀lì 330W méjì ni mo lò.

Ẹ yí páńẹ́ẹ̀lì dojú dé kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tèmi kọ Voc 46V (fóòtì rẹ̀ nígbà tí a kò so nǹkan kan mọ́ ọn), Isc 9.3A (iná tó pọ̀ jù tó lè ṣàn tí pupa àti dúdú rẹ̀ bá kan ara wọn). Mo so pupa ti ọ̀kan mọ́ dúdú ti èkejì, ìyẹn series, ó di 92V. Bí òtútù bá ṣe ń mú ni fóòtì páńẹ́ẹ̀lì ń gòkè: láàárọ̀ ọyẹ́ tó tutù dé 15°C, ó lè dé 95V. Charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, tí agbára rẹ̀ parí sí 100V há jù fún èyí. Oríṣi controller tí wọ́n ń pè ní MPPT, 150V, 35A, ni mo mú.

Mo kọ ojú wọn sí gúúsù, mo fi wọ́n dagẹ̀rẹ̀ ní 12° kí òjò lè máa fọ eruku dànù. Igi òrùlé ni síkúrúù gbọ́dọ̀ mú, kì í ṣe páànù nìkan, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo bíi 10cm sì wà fún atẹ́gùn. Mo gé ẹ̀ka igi kaṣú kan tí òjìji rẹ̀ ń dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin. Nínú series, òjìji tó bo ọ̀kan ń fa èkejì sẹ́yìn.

Wáyà àti fíùsì ló ń jó ilé, kì í ṣe páńẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ sì ni mo ti pẹ́ jù. Láàárín bátìrì àti ínfátà: wáyà 25mm², mítà kan péré, pẹ̀lú fíùsì 80A tí kò jìnnà ju 20cm sí ẹnu pupa bátìrì. Láàárín bátìrì àti controller: 16mm², fíùsì 50A. Láti páńẹ́ẹ̀lì wálẹ̀: wáyà sólà 6mm² àti bírékà DC 16A. Mo tẹnu mọ́ DC. Iná AC ń kú ó ń jí ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀ta iná inú bírékà, iná tó ń fò láàárín irin méjì tó bá ṣí, máa ń tètè kú. Iná DC kì í sinmi; nínú bírékà AC lásán, ẹ̀ta iná yẹn lè máa jó lọ títí ike yóò fi yọ́.

Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kí ẹ tó rà á. Bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ bàbà irin inú rẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ní bàbà ni. Ẹ dá a padà. Ẹnu lug náà, ìyẹn irin olójú tí a fi ń so ìdí wáyà mọ́ bátìrì, ẹ má fi òòlù lù ú. Mo bó rọ́bà wáyà dé ìwọ̀n ihò lug gẹ́lẹ́, mo fi ẹ̀rọ crimp fún un pọ̀, mo wá fà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Èyí tó bá mì díẹ̀, gígé ni. Lug tó dẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á pọ́n, á sì máa rùn bíi bàtà tó ń jóná.

Fún earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná tó jò ń gbà wọ ilẹ̀, mo gbá ọ̀pá bàbà oní 1.2m méjì wọlẹ̀, àlàfo mítà mẹ́ta láàárín wọn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbẹ kanrin nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo so férémù páńẹ́ẹ̀lì àti ara ínfátà mọ́ wọn. Ìwé ínfátà mi ní kí n so neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) mọ́ earth lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣáájú RCD 30mA, ẹ̀rọ tó ń já iná tí iná bá ń jò. Láìsí ìsopọ̀ yìí, iná tó bá jò kò ní rí ọ̀nà padà, RCD kò sì ní já. Ínfátà mìíràn wà tí ìwé rẹ̀ kọ èyí léèwọ̀, ẹ kà á.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ so mọ́ controller, kó lè mọ̀ pé 24V ni. Mo gbé e sí 28.4V fún lithium, mo pa equalize, gbígbé fóòtì ga jù tó wà fún bátìrì olómi. Mo fi mítà wo pupa àti dúdú páńẹ́ẹ̀lì, ó ka 88V nínú oòrùn, kí n tó gbé bírékà sókè. Ínfátà ló kẹ́yìn. Nígbà tí a bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́kọ́ kúrò, bátìrì ló ń gbẹ̀yìn.

Gbogbo wáyà wà nínú páìpù nítorí eku. Mo ro koríko kúrò ní mítà mẹ́rin yí ahéré ká kí oṣù Kọkànlá tó dé, torí iná ìgbẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mo pa gbogbo rẹ̀, mo tún ẹnu bátìrì fún. Ẹnu méjèèjì ti dẹ̀ díẹ̀.